Ìlú Tí Wọ́n Ń Wá Nínú Òkun

Gíríìsì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù. Òkun wà ní apá mẹ́ta rẹ̀. Òkè pọ̀ níbẹ̀, erékùṣù náà sì pọ̀. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká.

Láyé àtijọ́, àwọn ará Gíríìsì kò ní ọba kan ṣoṣo. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, ó sì ní ọmọ ogun tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú náà wà ní etí òkun, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń rìnrìn-àjò, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣòwò.

Ọ̀kan nínú wọn ni Helike. Ẹ pè é báyìí: He-lí-kè.

Apá òkun kan wọ àárín ilẹ̀ Gíríìsì. Ó gùn, kò sì fẹ̀ púpọ̀. Òkun Kọ́ríńtì ni wọ́n ń pè é. Helike wà ní ìhà gúúsù òkun yìí, ṣùgbọ́n kò sí ní etí omi gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí òkun láti inú ìlú yóò fi ẹsẹ̀ rin bíi kìlómítà 2. Òkè gíga wà lẹ́yìn ìlú. Odò méjì ń ṣàn láti orí òkè náà wá sínú òkun. Ọ̀kan ń jẹ́ Selinous, èkejì ń jẹ́ Kerynites. Nígbà òjò, àwọn odò yìí a máa gbé yanrìn, ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ bọ̀ láti òkè. Wọn a kó wọn jọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàárín òkè àti òkun. Orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ni ìlú wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dára fún oko. Ẹ má ṣe gbàgbé yanrìn àti ẹrẹ̀ yìí. Wọn yóò tún jáde nínú ìtàn náà.

Helike kì í ṣe ìlú kékeré. Ìlú 12 ló pa ọwọ́ pọ̀ ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Akaia, Helike sì ni olórí wọn. Àwọn ará Helike ń ṣe owó idẹ. Orí Poseidon wà ní ojú kan owó náà, ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta rẹ̀ sì wà ní ojú kejì.

Ta ni Poseidon? Àwọn ará Gíríìsì ìgbà náà gbà pé òun ni òrìṣà tó ni òkun. Wọ́n tún gbà pé òun ló ń mi ilẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Helike kọ́ ilé fún un, wọ́n sì fi idẹ ṣe ère rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bọ ọ́ níbẹ̀.

ÒRU ỌJỌ́ NÁÀ

Ní ọdún 373 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà òtútù, Helike parun. Ó ti tó nǹkan bí 2400 ọdún sẹ́yìn.

Òǹkọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Aelian. Ó ní nígbà tó ku ọjọ́ 5, àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní ìlú. Eku jáde. Ejò jáde. Ọ̀kùn jáde. Àwọn kòkòrò náà jáde. Gbogbo wọn forí lé ọ̀nà tó lọ sí Keryneia, ìlú kan tó wà ní apá òkè. Àwọn ará Helike rí wọn, ẹnu yà wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

Ó dára kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí mọ̀ pé Aelian kò sí níbẹ̀. Ó ti lé ní 500 ọdún tí ìlú náà ti parun kí Aelian tó kọ ìwé rẹ̀. Ohun tó gbọ́ àti ohun tó kà ni ó kọ sílẹ̀. Ìtàn eku àti ejò yìí dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè búra sí i.

Èyí tí a lè gbàgbọ́ nìyí. Òru ni. Àwọn ènìyàn ti sùn. Lójijì, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni à ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ògiri ya. Òrùlé wó lu àwọn tó ń sùn. Àwọn tó jí kò rí ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ilẹ̀ tí ìlú wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kí àwọn tó yè tó rí ibi sá sí, omi dé.

Ìgbì ńlá dìde láti inú òkun, ó sì wọ ìlú. Ó bo ilé. Ó bo ọjà. Igbó kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Poseidon. Omi bo igbó náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé orí igi nìkan ni ojú ń rí.

Ọkọ̀ ojú omi 10 tó jẹ́ ti àwọn ará Sparta wà níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Sparta jẹ́ ìlú mìíràn ní Gíríìsì. Àwọn ọkọ̀ náà kàn gúnlẹ̀ síbẹ̀ ni. Omi kò bèèrè ẹni tó jẹ́ onílé àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Ó gbé gbogbo wọn lọ.

Àwọn ìlú tó wà nítòsí gbọ́. Wọ́n rán ọkùnrin 2000 lọ sí Helike láti gbé àwọn òkú, kí wọ́n lè sin wọ́n. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà débẹ̀, wọn kò rí òkú gbé. Inú omi ni ìlú wà. Wọ́n padà sílé ní ọwọ́ òfo. Èyí dun àwọn ará Gíríìsì gidigidi, nítorí wọ́n gbà pé òkú tí a kò bá sin kò lè sinmi.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìlú tó kù pín ilẹ̀ Helike láàárín ara wọn. Aigion, ìlú kan tó wà nítòsí, gba ilẹ̀ nínú rẹ̀. Aigion ṣì wà títí di òní.

KÍ LÓ FÀ Á?

Àwọn ènìyàn kan ń gbé ní òdì kejì òkun, tí àwọn baba ńlá wọn ti Helike lọ. Àwọn náà ń bọ Poseidon. Wọ́n ránṣẹ́ sí Helike pé kí wọ́n fún àwọn ní ère Poseidon. Wọ́n ní bí ère kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wo bí wọ́n ṣe kọ́ ilé rẹ̀, kí àwọn lè kọ́ irú rẹ̀. Helike kọ̀. Nígbà tí ìlú náà wá parun, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé, "Poseidon ló bínú sí wọn."

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Aristotle jẹ́ ọmọ ọdún bíi 11 nígbà tí Helike parun. Nígbà tó dàgbà, ó di olùkọ́ ńlá. Ó sọ pé kì í ṣe ìbínú ẹnikẹ́ni ló ń mi ilẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ tó há sínú ilẹ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dára bí ó ṣe wá ìdí rẹ̀ sínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ti rí ìdí rẹ̀. Àpáta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe odindi. Ó là ní ibi púpọ̀. Ní Òkun Kọ́ríńtì, ilẹ̀ tó wà ní gúúsù àti ilẹ̀ tó wà ní àríwá ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 àbọ̀ lọ́dún. Kò ju ìbú ìka kan lọ.

Ṣùgbọ́n àpáta a máa há mọ́ àpáta, bí ilẹ̀kùn tó há. Bí ènìyàn bá ń ti ilẹ̀kùn tó há, kò ní ṣí. Yóò tún tì í, kò ní ṣí. Lọ́jọ́ tí yóò bá ṣí, gbàgà ni yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó ń tì í lè ṣubú wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta ṣe ń há fún ọdún púpọ̀. Lọ́jọ́ tó bá yọ, ilẹ̀ á mì.

Kí ló wá dé tí ìlú náà fi rì? Olùkọ́ lè fi èyí han kíláàsì. Kí ó bu yanrìn sínú abọ́ kan. Kí ó da omi sí i títí yanrìn náà yóò fi rin gbingbin. Kí ó gbé òkúta kan tó wúwo lé e lórí. Òkúta náà yóò jókòó sórí yanrìn. Nígbà náà, kí ó máa fi ọwọ́ gbá ara abọ́ léraléra. Òkúta yóò máa rì, omi yóò sì máa yọ sókè.

Yanrìn àti ẹrẹ̀ tí odò gbé wá ni Helike jókòó lé. Omi wà nínú yanrìn náà. Nígbà tí ilẹ̀ mì, yanrìn náà rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò sì lè gbé ilé ró mọ́.

ÈRE TÓ DÚRÓ NÍNÚ OMI

Nǹkan bí 150 ọdún lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan wá wo ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Eratosthenes. Ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí i, ní ìlú Kirene, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Líbíà lónìí. Ó di olórí ilé ìkàwé ńlá kan ní ilẹ̀ Íjíbítì. Òun ni ẹni tó fi òjìji wọn bí ayé ṣe tóbi tó.

Àwọn tó ń tu ọkọ̀ níbẹ̀ sọ fún Eratosthenes pé ère Poseidon ṣì wà lábẹ́ omi. Wọ́n ní ó dúró ṣánṣán, ó sì di ẹṣin òkun kan mú lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn apẹja ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí àwọ̀n wọn lè há mọ́ ọn.

Arìnrìn-àjò mìíràn tó ń jẹ́ Pausanias dé ibẹ̀ nígbà tó lé ní 500 ọdún tí ìlú ti rì. Ó kọ ọ́ pé àwókù Helike ṣì hàn nínú omi, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ó kúrò ní ojú. Àwọn ènìyàn ń ka orúkọ Helike nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà mọ́.

WỌ́N WÁ A NÍBI TÍ KÒ SÍ

Gbogbo ènìyàn rò pé ìsàlẹ̀ òkun ni Helike wà. Ṣé omi kọ́ ló bò ó? Nítorí náà, inú òkun ni wọ́n ń wá a.

Ní ọdún 1988, àwọn méjì gbé iṣẹ́ náà dìde. Ọ̀kan ni Ọ̀mọ̀wé Dora Katsonopoulou, obìnrin ará Gíríìsì tó jẹ́ awalẹ̀pìtàn. Awalẹ̀pìtàn ni ẹni tó ń wa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé. Èkejì ni Ọ̀mọ̀wé Steven Soter, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ kan lọ sórí òkun. Ẹ̀rọ náà ń rán ohùn lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Nígbà tí ohùn náà bá padà, ó ń fi ohun tó wà nísàlẹ̀ hàn. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ òkun náà dáadáa. Kò sí ìlú níbẹ̀.

Wọ́n padà sí inú ìwé àtijọ́. Wọ́n tún un kà. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí Eratosthenes lò fún omi tí ère Poseidon dúró sí. Ọ̀rọ̀ náà ni poros. Àwọn tó ti kà á tẹ́lẹ̀ rò pé òkun ló ń wí. Ṣùgbọ́n poros lè jẹ́ omikómi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Bí kì í bá ṣe òkun ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ọ̀sà ńkọ́?

Ọmọ Àjàṣẹ́ mọ ọ̀sà dáadáa. Ọkọ̀ ń rìn lórí ọ̀sà. Àwọn apẹja ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà. Síbẹ̀, ọ̀sà kì í ṣe òkun. Ilẹ̀ wà láàárín òun àti òkun. Omi ọ̀sà kì í jìn tó ti òkun, odò sì lè gbé ẹrẹ̀ kún un títí yóò fi di ilẹ̀ gbígbẹ.

Nísinsìnyí, ẹ rántí odò Selinous àti odò Kerynites. Láti ọdún dé ọdún, wọ́n ń gbé yanrìn àti ẹrẹ̀ bọ̀ láti orí òkè. Bí Helike bá wà nísàlẹ̀ ọ̀sà, ọ̀sà náà yóò ti kún fún ẹrẹ̀. Kò ní sí ọ̀sà mọ́. Ilẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀. Ènìyàn á ti máa rìn lórí ìlú náà, á ti máa gbin nǹkan sórí rẹ̀, láìmọ̀.

Wọ́n kúrò lórí òkun, wọ́n bọ́ sí inú oko.

OHUN TÓ WÀ LÁBẸ́ OKO

Láti ọdún 1991, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tóóró sínú ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Wọ́n ń wo ohun tí irin bá gbé jáde. Yanrìn jáde. Ẹrẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, àpáàdì jáde. Àpáàdì ni ara ìkòkò tó fọ́. Ọmọdé lè fi àpáàdì ṣeré kó sì sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n inú awalẹ̀pìtàn a máa dùn bí ó bá rí i, nítorí ìkòkò kì í rìn fúnra rẹ̀. Níbi tí ìkòkò bá wà, ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí.

Ní ọdún 1995, wọ́n rí ilé ńlá kan nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àwọn ará Róòmù ni. Wọ́n kọ́ ọ lẹ́yìn tí Helike ti parun. Wọn kò tíì débẹ̀.

Ní ọdún 2000, wọ́n tún rí ìlú mìíràn. Ìyẹn ti dàgbà jù! Ó ti tó 4400 ọdún tí àwọn ènìyàn ti gbé inú rẹ̀. Wọ́n rí ilé, wọ́n rí ìkòkò, wọ́n rí ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́ tí a fi wúrà àti fàdákà ṣe. Omi àti ẹrẹ̀ ti bo òun náà. Ó lè jẹ́ pé àwọn ará Helike kò mọ̀ pé ìlú kan ti wà níbẹ̀ rí, tí òun náà sì ti parun.

Ní ọdún 2001, wọ́n wa ilẹ̀ nítòsí abúlé kan tó ń jẹ́ Rizomylos. Wọ́n kan ògiri òkúta tó ti wó lulẹ̀. Wọ́n wo àpáàdì tó wà níbẹ̀. Ti ìgbà Helike ni. Wọ́n bu ẹrẹ̀ tó bo ògiri náà, wọ́n fi awò wò ó. Ìkarahun kéékèèké wà nínú ẹrẹ̀ náà, tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá tí ń gbé inú ọ̀sà ni.

Ọ̀sà ni lóòótọ́. Ìlú tí wọ́n ń wá nínú òkun wà lábẹ́ ilẹ̀ oko.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Omi wà nítòsí nínú ilẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò, omi a máa sun sínú rẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń fà á jáde. Àwọn oko tó wà lókè náà ní olówó. Wọn kò lè hú igi ọlọ́gbìn kí wọ́n máa wa ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Ilẹ̀ náà kò sì tíì dákẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1861, ó mì, apá kan etí òkun ibẹ̀ rì sínú omi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1995, ó tún mì ní Aigion. Ilé wó, ènìyàn 26 sì kú. Àwọn ará ibẹ̀ kò kúrò. Wọ́n ń dáko, wọ́n ń kọ́ ilé, àwọn ọmọ wọn ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ère idẹ tí àwọn apẹja ń sá fún kò tíì jáde.

ÌBÉÈRÈ

Odò méjì wo ló wà ní ẹ̀gbẹ́ Helike? Kí ni wọ́n ń gbé bọ̀ láti orí òkè?

Kí ló dé tí àwọn ọkùnrin 2000 náà fi padà ní ọwọ́ òfo?

Ìdí wo ni àwọn ará ìgbà náà sọ pé ó mú kí Helike parun? Ìdí wo ni àwọn onímọ̀ sọ lónìí?

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà? Ya àwòrán méjèèjì sínú ìwé rẹ.

Báwo ni ìkarahun kéékèèké ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀sà ti wà níbẹ̀ rí?

Bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní ilé yín: ṣé odò tàbí ọ̀sà kan wà nítòsí tí ó ti yí ọ̀nà padà, tàbí tí ó ti gbẹ, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé? Wá sọ ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ ní kíláàsì.